Àgbélébùú Iwájú Orí àti Ọwọ́ Bíṣọ́ọ̀bù

Orí àgbélébùú ni àwọn ará Róòmù ti ń pa ẹrú àti ọlọ̀tẹ̀, ní gbangba, kí ẹ̀rù lè ba àwọn tó ń wò. Síbẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 211, Tertullian ará Carthage kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn Kristẹni a máa fa àmì rẹ̀ sí iwájú orí bí wọ́n bá ń wọlé, bí wọ́n bá ń jáde, bí wọ́n bá jókòó ti oúnjẹ. Ọjọ́ 14 oṣù Kẹsàn-án ni kàlẹ́ńdà ìjọ yà sọ́tọ̀ fún Àgbélébùú Mímọ́.

Ní Ìjọ Áńgílíkà, ọjọ́ ìsàmì ni àlùfáà ń fa àmì yìí sí iwájú orí ọmọ. Ọmọ ọwọ́ kò lè fọhùn. Bàbá ìsàmì àti ìyá ìsàmì ló ń jẹ́jẹ̀ẹ́ fún un. Bó bá dàgbà, tó mọ Ìgbàgbọ́ Àwọn Àpọ́sítélì, Àdúrà Olúwa àti Òfin Mẹ́wàá, a ó mú un wá kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ gba ẹ̀jẹ́ náà. Ìgbọ́wọ́lé nìyẹn, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní kọnfamáṣọ̀n. Bíṣọ́ọ̀bù á bi wọ́n léèrè, wọ́n á dáhùn, wọ́n á kúnlẹ̀, yóò sì gbé ọwọ́ lé olúkúlùkù lórí. Ó ń dùn mí bí òbí bá sáré aṣọ funfun ju ìdáhùn yẹn lọ.

Nínú Ìwé Àdúrà Áńgílíkà ti 1549, bíṣọ́ọ̀bù ṣì ń fa àgbélébùú sí iwájú orí wọn. Ti 1552 yọ ọ́, ó ku ọwọ́ nìkan. Ìjọ Àgùdà kò yọ ọ́: òróró mímọ́ ni wọ́n fi ń fà á.

Kí ló dé tó fi jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù? Fílípì ló ṣàmì fún àwọn ará Samáríà, ṣùgbọ́n Pétérù àti Jòhánù ló ti Jerúsálẹ́mù wá gbé ọwọ́ lé wọn (Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 8). Ipò àwọn àpọ́sítélì yẹn ni ìjọ ka bíṣọ́ọ̀bù sí. Ìlànà yìí ni àwọn onígbàgbọ́ Abẹ́òkúta àkọ́kọ́ bá pàdé. Bíṣọ́ọ̀bù tó ni wọ́n, Freetown ló ń gbé. Bíṣọ́ọ̀bù náà, Owen Vidal, ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú sí ìwé gírámà Yorùbá tí Crowther tẹ̀ ní 1852, wọ ọkọ̀ ojú omi wá bẹ̀ wọ́n wò ní 1854. Ojú òkun ló kú sí nígbà tó ń padà, ní oṣù Kejìlá ọdún náà. Ìwé Àdúrà 1662 ti ro ti irú ìjọ bẹ́ẹ̀: ẹni tó bá ti múra tán, tó sì ń fẹ́ ìgbọ́wọ́lé, lè jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa kí bíṣọ́ọ̀bù tó dé.