Àpèjúwe Irinṣẹ́ fún Aṣojú AI Lójú Tẹ́míná: Ibi Tí Àbọ̀ Ọ̀rọ̀ Kò Tó

Ìfáàrà

Yorùbá gbà pé àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀, yóò di odindi. Ìmọ̀ tí olùsọ̀rọ̀ àti olùgbọ́ jọ ní ni ó ń sọ àbọ̀ náà di odindi. Orí ìmọ̀ àjọní bẹ́ẹ̀ ni àrokò pàápàá dúró lé: ẹni tí a fi owó ẹyọ ránṣẹ́ sí mọ ohun tí iye rẹ̀ àti bí a ṣe sín in dúró fún, ṣùgbọ́n bí ó bá bọ́ sí ọwọ́ àjèjì, owó ẹyọ lásán ni. Irú ìwé kíkọ kan ti wá wà lóde báyìí tí olùgbọ́ rẹ̀ kì í ṣe ara ilé rárá. Òun ni àpèjúwe irinṣẹ́ fún aṣojú AI. Iṣẹ́ èdè ni kí ó tó di iṣẹ́ ẹ̀rọ, ìdí nìyí tí ó fi kan olùkọ́ èdè.

Aṣojú àti tẹ́míná

Ọgbọ́n àtọwọ́dá tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí AI kò lè fi ọwọ́ kan fáìlì kankan bí ó bá jẹ́ pé ìbéèrè nìkan ni ó ń dáhùn. Ìgbà tí a bá fún un ní irinṣẹ́ ni ó di aṣojú. Ní oṣù Òkúdù ọdún 2023, ilé iṣẹ́ OpenAI ṣí ọ̀nà fún àwọn tó ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà láti to irinṣẹ́ síwájú AI wọn. Ní oṣù Bélú ọdún 2024, Anthropic gbé ìlànà MCP jáde kí irinṣẹ́ kan náà lè bá onírúurú AI ṣiṣẹ́. Ohun mẹ́ta pàtàkì ni AI ń rí: orúkọ irinṣẹ́, àpèjúwe rẹ̀, àti ohun tí a ní láti fún un kí ó tó ṣiṣẹ́. Kì í sábà rí inú irinṣẹ́ náà. Ibi tí àpèjúwe bá dákẹ́ sí, àbá ni yóò dá.

Tẹ́míná ni fèrèsé tí a ń tẹ àṣẹ sí ní ọ̀rọ̀, tí a ó sì tẹ bọ́tìnnì Enter kí àṣẹ náà tó ṣẹ. Ó ti wà ṣáájú kọ̀ǹpútà alátẹ àwòrán. Ètò bíi tmux, tó jáde ní ọdún 2007, ń jẹ́ kí ènìyàn ṣí púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Tẹ́míná kì í sábà béèrè bóyá ó dá ènìyàn lójú: fáìlì tí a bá fi àṣẹ rm pa rẹ́ kò lọ sínú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí tí a ti lè mú un padà.

Àpẹẹrẹ kan

Ká ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìwòrò, ní agbègbè Àgbádárìgì, ní kí aṣojú AI bá òun to èsì ìdánwò. Fèrèsé mẹ́ta ni ó ṣí. Nínú èkíní, a ń da èsì kọ sí orí díráìfù mìíràn lọ́wọ́, ètò ìkọ̀wé tí fáìlì máàkì wà nínú rẹ̀ ṣí sí èkejì, ẹ̀kẹta ṣófo. Àpèjúwe tí a kọ ni pé: “Irinṣẹ́ yìí ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí tẹ́míná.”

Gírámà gbólóhùn yìí pé. Síbẹ̀, fèrèsé wo? Ṣé irinṣẹ́ náà ń tẹ Enter fúnra rẹ̀? Bí kò bá tẹ̀ ẹ́, àṣẹ yóò dúró lójú ìlà láìṣẹ, èyí tó tẹ̀ lé e yóò sì lẹ̀ mọ́ ọn nídìí. Bí ó bá ṣèèṣì bọ́ sínú fèrèsé kejì, àṣẹ yóò di ara máàkì àwọn ọmọ tó ń retí àtiwọ kíláàsì tó kàn. Àpèjúwe tó sàn jù nìyí:

“Irinṣẹ́ yìí ń tẹ ọ̀rọ̀ sínú fèrèsé tẹ́míná kan ṣoṣo, èyí tí o dá nọ́ńbà rẹ̀. Kì í tẹ Enter àyàfi bí o bá ní kí ó tẹ̀ ẹ́. Kọ́kọ́ fi irinṣẹ́ ka_fèrèsé wo ohun tó wà níbẹ̀. Má tẹ ohunkóhun bí àṣẹ mìíràn bá ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ tàbí bí ètò ìkọ̀wé bá ṣí sí ibẹ̀. Irinṣẹ́ yìí kì í dá èsì padà. Ka_fèrèsé ni kí o fi rí i. Má fi pa fáìlì rẹ́ bí ẹni tó rán ọ kò bá dárúkọ fáìlì náà.”

Ọ̀pọ̀ nínú gbólóhùn wọ̀nyí ni ó sọ ohun tí irinṣẹ́ kì í ṣe tàbí ohun tí a kò gbọ́dọ̀ fi ṣe, bẹ́ẹ̀ àròkọ aṣàpèjúwe inú kíláàsì kì í sábà kọ́ni ní èyí. Gbólóhùn tó kẹ́yìn kì í sì í ṣe àgádágodo o; ẹni tó ṣe irinṣẹ́ ní láti dènà ìparẹ́ nínú irinṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ náà gba ìṣọ́ra. Bí a bá kọ ọ́ pé “bí àṣẹ bá ń ṣiṣẹ́ nínú fèrèsé náà, pa á”, àṣẹ ni a ní kí ó pa ni, àbí fèrèsé? Kí a tún ọ̀rọ̀-orúkọ pè sàn ju kí gbólóhùn dùn létí lọ.

Ohun tí ìwádìí fi hàn

Àwọn olùwádìí Yunifásítì Princeton tó ṣe SWE-agent ní ọdún 2024 kíyè sí ìdákẹ́jẹ́ tẹ́míná. Ọ̀pọ̀ àṣẹ tó yọrí sí rere kì í sọ ohunkóhun. Ènìyàn mọ̀ pé ó ti ṣẹ. AI lè máa rò pé kò ṣẹ. Wọ́n wá ṣètò rẹ̀ kí irinṣẹ́ máa sọ ọ́ gbangba pé àṣẹ ti ṣẹ, kò sì mú ọ̀rọ̀ kankan jáde. Anthropic náà ròyìn ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún 2024 pé AI ń ṣìnà nígbà tí a bá júwe ibi tí fáìlì wà láti ibi tí AI dúró sí. Nígbà tí irinṣẹ́ sọ ọ́ di dandan kí a kọ àdírẹ́sì fáìlì láti ìpìlẹ̀ dé òpin, àṣìṣe náà kásẹ̀ nílẹ̀. “Ilé kejì lápá ọ̀tún” kò wúlò fún ẹni tó ti kúrò ní ìkóríta.

Àmì ohùn nínú orúkọ fáìlì

Níbi yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan Yorùbá gan-an. Nínú ètò Unicode, ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, é náà ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. A lè kọ ọ́ ní ẹ pẹ̀lú àmì ohùn òkè, tàbí é pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀, tàbí e pẹ̀lú àmì méjèèjì. Ọ̀kan náà ni wọ́n lójú ènìyàn, ṣùgbọ́n lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ Linux, orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Bí olùkọ́ bá pe fáìlì ní “máàkì_ẹ́síìmù”, tí AI sì tẹ orúkọ náà lọ́nà mìíràn, tẹ́míná yóò ní kò sí irú fáìlì bẹ́ẹ̀. Bí àṣẹ náà bá jẹ́ ti kíkọ, ẹ̀rọ yóò dá fáìlì tuntun sílẹ̀, olùkọ́ yóò sì bá fáìlì méjì tó jẹ́ orúkọ kan náà, tí máàkì wà nínú ọ̀kan, tí àtúnṣe wà nínú èkejì. Gbólóhùn kan nínú àpèjúwe lè dènà èyí: “Má fúnra rẹ tẹ orúkọ fáìlì tó ní àmì; kọ́kọ́ to orúkọ àwọn fáìlì jáde, kí o sì da orúkọ náà kọ gẹ́gẹ́ bí ó ṣe wà.”