Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ìdí tó fi yẹ kí onímọ̀ ilẹ̀ ṣáájú bíríkìlà

Ilẹ̀ Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ kò rí bákan náà níbi gbogbo. Lórí òkè, ilẹ̀ pupa tó le ló pọ̀. Létí ọ̀sà, irà ni, amọ̀ rírọ̀ sì lè fara pamọ́ sábẹ́ iyanrìn. Iṣẹ́ onímọ̀ ilẹ̀ ni láti gbẹ́ ihò àyẹ̀wò, kó yẹ erùpẹ̀ ibẹ̀ wò, kó sì wọn ibi tí omi abẹ́ ilẹ̀ dé, kí ẹnjiníà lè mọ irú ìpìlẹ̀ tó yẹ.

Àwọn kan á ní owó àyẹ̀wò ti pọ̀ jù, pé ilé aládùúgbò ṣì dúró. Àmọ́ ilẹ̀ lè yàtọ̀ láti púlọ́ọ̀tì kan sí èkejì, ilé sì lè máa rì díẹ̀díẹ̀ fún ọdún púpọ̀ kí ògiri tó là. Ẹ ṣàyẹ̀wò ilẹ̀ yín kí ẹ tó ra búlọ́ọ̀kù.