INÁ TÓ LỌ NÍ GHANA LÓ YỌ MAERSK! Ẹ̀kọ́ fún ẹni tó ní ọ́fíìsì méjì l'Oṣòdì àti Ìsọlọ̀

Ta ló ń gbàdúrà kí iná lọ? L'Oṣòdì, tí wọ́n bá mú iná lọ báyìí, èébú ni télọ̀ tó ń ránṣọ lọ́wọ́ máa kọ́kọ́ sọ. Bẹ́ẹ̀ ni wẹ́dà, bẹ́ẹ̀ ni ìyá tó ń ta omi tútù. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2017, iná tó lọ ní Ghana ṣe ilé-iṣẹ́ ńlá kan lóore tí wọn ò ní gbàgbé.

Maersk ni ilé-iṣẹ́ ọ̀hún, ará Denmark, àwọn tó ń fi ọkọ̀ ojú omi kó kọ̀ntéínà káàkiri ayé. Ẹni tó bá ń ná ọjà Aswani ní Ìsọlọ̀ á ti rí orúkọ yẹn lára kọ̀ntéínà tí tírélà ń gbé bọ̀ láti Àpápá.

Ní ọjọ́ 27, oṣù kẹfà, ọdún 2017, àrùn kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ NotPetya wọlé tọ̀ wọ́n. Ibo ló gbà wọlé? Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni o, ní ọ́fíìsì wọn ní Odessa, lórílẹ̀-èdè Ukraine. Wọ́n fi ètò ìṣírò owó M.E.Doc sí i, láì mọ̀ pé àwọn ọ̀daràn ti bu májèlé sí ètò náà láti ibi tí wọ́n ti ń pín in.

Kí ni kọ̀ǹpútà kan lè ṣe? Ẹ dúró ná. Maersk ti so kọ̀ǹpútà àwọn ọ́fíìsì wọn pọ̀ káàkiri ayé, kò sì sí ilẹ̀kùn gidi láàárín ọ̀kan sí èkejì. Àrùn náà ń ṣa páásíwọ́ọ̀dù tó bá nínú ẹ̀rọ kan, ó sì ń fi í ṣí òmíràn. Kọ̀ǹpútà 45,000 àti ẹ̀rọ olú 4,000 ni wọ́n tún inú wọn tò láti ìbẹ̀rẹ̀. Owó tó bá a lọ tó mílíọ̀nù 250 sí 300 dọ́là. Ó mà ṣe o!

Ẹ̀rọ kan wà tó mọ gbogbo òṣìṣẹ́ àti ibi tí kálukú lè wọ̀. Wọ́n ní ẹ̀dà rẹ̀ bíi 150. Gbogbo ẹ̀ ló bàjẹ́, àfi ti Ghana! Iná ti lọ níbẹ̀ kí àrùn tó dé. Íntánẹ́ẹ̀tì Ghana ò lè gbé fáìlì ńlá bẹ́ẹ̀ dé Ìlú Ọba kíákíá, òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kankan ò sì ní físà. Ni ọ̀kan bá gbé háàdì díìsìkì wọ bàálù wá sí Nàìjíríà, ó fà á lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ ní pápá ọkọ̀ òfúrufú, ìyẹn ló gbé e dé Lọ́ńdọ̀nù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé l'Oṣòdì, tẹ́ ẹ tún ní òmíràn ní Ìsọlọ̀, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Ẹ má wó ògiri àárín ọ́fíìsì méjèèjì nítorí ìwé ìṣírò kan. Ẹ fi kọ̀ǹpútà kan sáàárín bí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé: ará ibí á gbé fáìlì síbẹ̀, ará ọ̀hún á mú un níbẹ̀, kò ní sẹ́ni tó máa gba ibẹ̀ wọ yàrá ẹnì kejì. Ẹni tó jẹ́ pé kíkà ló fẹ́ kà, ẹ má fún un láṣẹ àtiyí i padà. Kí kálukú ní páásíwọ́ọ̀dù tirẹ̀. Ẹ yẹ fáìlì wò kó tó wọlé, pàápàá èyí tó bá flash wá. Ẹ sì máa gba àtúnṣe tí Microsoft bá gbé jáde. Oṣù kẹta ọdún 2017 yẹn ni wọ́n ti gbé èyí tó dí ọ̀kan nínú ọ̀nà àrùn náà jáde.

Lákòótán, ẹ da gbogbo ìwé yín kọ sínú háàdì díìsìkì, kẹ́ ẹ yọ ọ́ kúrò lára kọ̀ǹpútà, kẹ́ ẹ tì í mọ́ dúrọ́ọ̀. Iná ló bá Maersk yọ tiwọn. Ẹ̀yin, ẹ fọwọ́ ara yín yọ ọ́. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́.