OMI Ń KÁN LÁRA Ẹ̀RỌ AMÚLÉTUTÙ: ṢÉ GÁÀSÌ NI ÀBÍ PỌ́ǸPÙ?

Ẹ̀rọ tí ìyá aránṣọ rà fún ìtura, òun náà ló ń da omi sórí léèsì oníbàárà! Ariwo tí wọ́n máa ń pa ni pé, "Gáàsì ti tán!" Wọ́n á náwó sí gáàsì tán, omi ò ní dá.

Bí ara ìgò omi tútù ṣe ń làágùn nínú ooru, bẹ́ẹ̀ ni inú ẹ̀rọ náà ń ṣe. Níbi tí páìpù ò bá ti dagẹ̀rẹ̀, pọ́ǹpù kékeré ló ń ti omi ọ̀hún síta. Ohun kan ń léfòó nínú rẹ̀ bíi bọ́ọ̀lù inú táǹkì. Bómi bá gbé e sókè, pọ́ǹpù á ṣiṣẹ́. Bí ìdọ̀tí bá dì í mú, wàhálà dé!

Ẹ kọ́kọ́ paná pátápátá o. Omi àti iná kì í ṣọ̀rẹ́. Ẹ fọ abọ́ pọ́ǹpù mọ́, ẹ bu omi sí i, kẹ́ ẹ tó taná padà. Bó bá ń kùn tómi ò jáde, ó ṣeé ṣe kí páìpù ti dí. Bí kò bá dún rárá, ẹ pe ẹni tó mọ iṣẹ́. Àfi bẹ́ ẹ bá rí yìnyín lára ẹ̀rọ ni kẹ́ ẹ fura sí gáàsì, ìyẹn bí fílítà bá mọ́.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi gáàsì gbowó pọ́ǹpù lọ́wọ́ yín!