Àwòrán Ilé Ìsìn ní Ṣómólú àti Bàrígà

Ẹni tí ń ya àwòrán ilé Ọlọ́run kiri Bàrígà, kí ó má ṣe fojú fo C.M.S. Grammar School. Ní 1859 ni Àlùfáà T. B. Macaulay, ọkọ ọmọ Crowther tí ó di Bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, dá a sílẹ̀ ní Èkó, kí ó tó ṣí wá síbẹ̀.

Ohun tí ó dùn wá ni pé ìjọ mìíràn a wó ilé onípáànù rẹ̀ láti kọ́ alájà, láìya èyí àtijọ́. Bẹ́ẹ̀ Ṣómólú ni ìlú àwọn atẹ̀wé! Níbẹ̀ ni a ti ń tẹ kàlẹ́ńdà àjọ̀dún fún ìjọ púpọ̀. Ẹ bi àwọn ìyá ìjọ léèrè èyí tí ó ti gbó lára ògiri wọn. Ẹ ya á kí ikán tó jẹ ẹ́, kí ẹ sì kọ orúkọ àti ọdún sí ẹ̀yìn àwòrán náà.