Bí Ọ̀rọ̀ Ẹnu Akéwì Ṣe Di Ìwé

Ní Òkè-Àdó, nítòsí Ìmàlefàlàfíà tí wọ́n ti ń tẹ ìwé ìròyìn Tribune, mo lọ bá bàbá akéwì kan nílé. Mo gbé fóònù síwájú wọn kó máa gba ohùn sílẹ̀. Wákàtí kan la fi sọ̀rọ̀, ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń tẹ́tí, tí mò ń kọ ọ́. Ibi tí wọ́n ti dákẹ́ pẹ́ kí wọ́n tó dárúkọ ìyá wọn ni mo fi bẹ̀rẹ̀ àpilẹ̀kọ mi.

Irú iṣẹ́ yìí ti pẹ́ n'Ìbàdàn. Bí ẹ bá wọkọ̀ ní Òkè-Àdó, tí ẹ gba Òkè-Bọ́lá, ẹ ò ní pẹ́ dé Dùgbẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ Mbari ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1961. Wọlé Ṣóyínká ń bẹ níbẹ̀, J. P. Clark ń bẹ níbẹ̀, Christopher Okigbo náà ò gbẹ́yìn. Chinua Achebe ló mú orúkọ náà wá, láti ara ilé amọ̀ tí àwọn Ìgbò máa ń kọ́ fún Ala, òrìṣà ilẹ̀. Wọ́n ń ṣeré, wọ́n ń pàtẹ àwòrán, wọ́n ń tẹ̀wé, wọ́n sì ń jọ sọ̀rọ̀.

Lọ́dún 1962, Dennis Duerden bẹ̀rẹ̀ Transcription Centre ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n ń gba ohùn àwọn òǹkọ̀wé Áfíríkà sí téèpù, wọ́n sì ń fi ránṣẹ́ sí àwọn ilé iṣẹ́ rédíò. Lewis Nkosi, akọ̀ròyìn láti Gúúsù Áfíríkà, wà lára àwọn tó ń bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀.

Okigbo ti ṣe tíṣà ní Fìdítì kó tó wá máa ṣojú ilé ìtẹ̀wé Cambridge n'Ìbàdàn. Nínú ọ̀kan lára téèpù wọ̀nyẹn, ó ṣàlàyé pé orin Debussy àti Ravel, àwọn ará Faransé, ló gba òun lọ́kàn nígbà tí òun ń kọ Heavensgate. Èèyàn lè ka ewì náà títí kó má mọ èyí, àfi bí akéwì bá fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.

Ogun abẹ́lé pa Okigbo lọ́dún 1967. Nígbà tí Heinemann tẹ African Writers Talking lọ́dún 1972, èyí tí Duerden àti Cosmo Pieterse kó jọ láti inú téèpù wọ̀nyẹn, olóògbé náà ṣì ń dáhùn ìbéèrè nínú rẹ̀.

Ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Congress for Cultural Freedom ló ń fowó ran Mbari àti Transcription Centre lọ́wọ́. Àṣírí tú lẹ́yìn náà pé owó CIA ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló wà nídìí ẹ̀. Ìdí nìyí tó fi yẹ ká máa fowó ara wa gba ohùn àwọn àgbà wa sílẹ̀, ní èdè wa.

Àwọn òǹkọ̀wé àti akéwì Yorùbá ń lọ: Adébáyọ̀ Fálétí lọ lọ́dún 2017, Akínwùmí Ìṣọ̀lá lọ lọ́dún 2018, Lánrewájú Adépọ̀jù lọ lọ́dún 2023. Ìbéèrè tí mo ní fún wọn ṣì wà lọ́wọ́ mi. Bàbá tèmi ní Òkè-Àdó ṣì wà láyé. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, màá padà lọ bi wọ́n nípa ìyá wọn.