Nígbà tí Oògùn Ìrẹ̀wẹ̀sì Ọkàn Bá Pọ̀ Jù Lára

Ẹni tó lo amitriptyline, ọ̀kan lára oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, ju bó ṣe yẹ lọ lè fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ ẹ̀ka pàjáwìrì, kó máa dáhùn ìbéèrè geerege, kó sì ti dákú kí wákàtí kan tó pé. Ìdí nìyí tí dókítà kì í fi ojú lásán wò ó. Ẹ̀rọ ECG, tó ń ya bí ọkàn ṣe ń lù sórí bébà, ni wọ́n máa ń sáré so mọ́ ọn láyà.

Oògùn yìí ń dí ẹnu ọ̀nà tí sódíọ̀mù ń gbà wọnú iṣan ọkàn. Bó bá ti dí, iná tó ń mú ọkàn lù á máa falẹ̀, ìlà tí wọ́n ń pè ní QRS á sì fẹ̀ lórí bébà. Ní 1985, Boehnert àti Lovejoy tẹ àbájáde wọn lórí aláìsàn 49 jáde: àwọn tí QRS wọn tó ìṣẹ́jú àáyá 0.10 ni gìrì ń mú. Bó bá wá tó 0.16, ọkàn lè bẹ̀rẹ̀ sí í lù ségesège.

Ohun tí wọ́n fi ń kojú rẹ̀ ló yani lẹ́nu: sódíọ̀mù baikabónéètì, èròjà inú baking soda táwọn tó ń ṣe kéèkì mọ̀ dáadáa. Ojú iṣan ni wọ́n ń gbà fún un. Sódíọ̀mù rẹ̀ á fipá wọlé níbi tó dí. Bí ekan inú ẹ̀jẹ̀ ṣe ń dín kù, oògùn náà á máa tú kúrò lára ọkàn. Bí gìrì bá dé, diazepam tàbí lorazepam ló kàn. Èédú lílọ̀ wà fún ẹni tó tètè dé, tí ojú rẹ̀ ṣì là kedere.

Bí gbogbo èyí ò bá ràn án, àwọn kan ń fa omi ọ̀rá tí wọ́n fi epo sóyà ṣe sí i lára. Ìròyìn tó gbajúmọ̀ jù jáde ní 2008, nípa ọmọbìnrin ọmọ ọdún 17 kan ní Amẹ́ríkà tó lo oògùn bupropion àti lamotrigine ju bó ṣe yẹ lọ. Ó ti tó ìṣẹ́jú 70 tí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ láyà. Wọ́n fa ọ̀rá náà sí i, nǹkan bí ìṣẹ́jú kan lẹ́yìn náà, ọkàn rẹ̀ sọjí. Òótọ́ ni pé ẹ̀rí lórí ìtọ́jú yìí kò tíì pọ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má fi omi ọ̀rá yìí wé epo pupa tí a máa ń sáré dà sẹ́nu ẹni tó gbé májèlé jẹ o! Ẹni tó ń tòògbé lè fa epo náà sínú ẹ̀dọ̀fóró. Fífipá mú un bì náà léwu. Ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ, pẹ̀lú páálí oògùn náà lọ́wọ́, kódà bí ara rẹ̀ bá yá gágá, ì báà ṣe ọmọdé tó ṣèèṣì gbé oògùn ìyá àgbà mì. Ó kéré tán, wákàtí mẹ́fà ni wọ́n fi ń ṣọ́ ọkàn rẹ̀. Bó bá sì jẹ́ pé ńṣe ló mọ̀ọ́mọ̀ lò ó, oníṣègùn ọpọlọ á jókòó tì í kó tó padà sílé.